Pátákò Ẹṣin: Ìtàn Ọ̀yọ́, Ìtàn Kánò, àti Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí A Wà Lájò

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ, obì ni mo sì ń tà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ ohun tí ó bá mọ̀. Lẹ́yìn obì, ohun tí mo mọ̀ ni ẹsẹ̀ ẹṣin. Ọ̀nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n kì í ṣe ọ̀nà ìyìn. N ó sọ ọ́ kí n tó parí.

OHUN TÍ OJÚ KÌ Í WÒ

Ní ọdún tí wọ́n bá ṣe Hawan Sallah ní ìlú yìí, àwa náà a máa jáde lọ dúró létí títì. Ní oṣù December 2024, àjọ UNESCO kọ ayẹyẹ ẹṣin Kánò yìí sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń kọjá, à ń wo láwàní, à ń wo gàárì, à ń wo awọ aláràbarà tí wọ́n fi ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ń wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni gbogbo ẹwà náà dúró lé.

Pátákò ẹṣin dà bí èékánná tiwa. Láti òkè ló ti ń hù wá sísàlẹ̀. Kì í hù tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù kan, nítorí náà ó máa ń tó bí ọdún kan kí iwájú pátákò tó hù tán látòkè délẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sókè, ẹ ó rí ohun kan tó rọ̀ díẹ̀, tó ní igun mẹ́ta, láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ náà. Bí ẹṣin bá ti ń tẹ ilẹ̀, apá ibẹ̀ ń bá a ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ẹṣin tó wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà sí mẹ́jọ, orí mẹ́rin nǹkan kékeré yìí ló gbé ara rẹ̀ lé. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, gàárì olówó iyebíye di ẹrù lásán.

Kofato ni àwọn Haúsá ń pè é. Pátákò, kofato: etí oníṣòwò bí èmi gbọ́ pé orúkọ méjèèjì jọ ara wọn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí náà jọ bẹ́ẹ̀. Apá kan rẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiwa, apá kejì wà lọ́dọ̀ àwọn tí a wá bá.

Ọ̀YỌ́ ÀTI ẸṢIN RẸ̀

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé Ọ̀yọ́ fi ẹṣin jagun. Ọ̀yọ́-Ilé, Ọ̀yọ́ àtijọ́, wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn lápá òkè, níbi tí ẹṣin ti lè sáré. Ẹ̀rù ẹṣin ba Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ rí kí ó tó di pé ó fi ba ẹlòmíràn. Ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ọba wa sì di ẹni tí ń gbé ìlú onílùú kí wọ́n tó tẹ Ìgbòho dó. Láti ìgbà náà ni Ọ̀yọ́ ti mọ̀ pé ẹni tí kò lẹ́ṣin kò lè dúró níwájú ẹlẹ́ṣin.

Ní Ìgbòho, Aláàfin kan jẹ tí ń jẹ́ Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Àwọn àgbà mìíràn ní obìnrin ni. Ìtàn ní nígbà ayé rẹ̀, wọ́n máa ń so ewé gbòǹgbò-gbòǹgbò mọ́ ìrù àwọn ẹṣin tó wà lẹ́yìn ogun, kí ewé náà lè máa gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí wọ́n gbà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀. Ó fi hàn pé ojú ọba náà kò kúrò nílẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹṣin ń sọ̀rọ̀.

Ní ààfin Ọ̀yọ́, ìjòyè kan wà tí ń jẹ́ Olókùn-ẹṣin, tí ń mójú tó ẹṣin ọba. Oyè ńlá ni. Ó wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Abọ́bakú, àwọn tí ń bá ọba lọ nígbà tí ọba bá wàjà. Ẹ ò rí i pé wọn kò fi ẹṣin ṣeré rárá.

Kí ló mú kí ẹṣin níyì tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé kì í ṣe ọmọ ilẹ̀. Ọ̀yọ́ ń ra ẹṣin lọ́wọ́ Tápà, lọ́wọ́ Bàrìbá, lọ́wọ́ Haúsá. Bí wọ́n bá rà á dé, kì í pẹ́ láyé bí ó ti ń pẹ́ ní ilẹ̀ òkè lọ́hùn-ún. Eṣinṣin kan tí ń jẹ́ tsetse ló ń pa á. Ní 1895 ni dókítà òyìnbó kan, David Bruce, rí kòkòrò àìrí tí eṣinṣin náà ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran, ní gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo kòkòrò àìrí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé bí a bá ti ń sún mọ́ igbó, bẹ́ẹ̀ ni ẹṣin ń kú. Nítorí náà ríra ni Ọ̀yọ́ ń ra ẹṣin láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọjà tí a fi owó gọbọi rà láti ọ̀nà jíjìn, tí kò sì ṣeé tọ́jú pẹ́, a kì í jẹ́ kí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni nítorí àìbìkítà. Ẹṣin tó ń tiro, owó tó ń tiro ni.

Ẹ má ṣe rò pé bàtà irin ni wọ́n fi ń dáàbò bo pátákò. Ẹṣin ilẹ̀ òyìnbó ló sábà máa ń wọ bàtà irin. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, láti Ọ̀yọ́ dé Kánò dé Bọ̀nú, ẹsẹ̀ lásán ni ẹṣin fi ń rìn láti ayébáyé. Ilẹ̀ gbígbẹ ń mú pátákò le, ìrìn àti iyanrìn sì ń bá a yún un dọ́gba. Ìyókù dọwọ́ olùtọ́jú. Bí ọwọ́ olùtọ́jú bá dára, ẹsẹ̀ ẹṣin á dára.

ỌWỌ́ TÍ Ó GBÉ ẸSẸ̀ ẸṢIN SÓKÈ

Ta ni olùtọ́jú náà? Ibí yìí ni ìtàn ti kan àwa tí a wà ní Kánò.

Àwọn Haúsá tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ pọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, sọ nípa wọn: wọ́n ń fárí, wọ́n ń hun okùn, wọ́n ń da màlúù. Àwọn òpìtàn tó tẹ̀ lé e fi kún un pé ọwọ́ irú àwọn ará òkè bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́jú ẹṣin wà, nítorí àwọn ló bá ẹṣin dàgbà. Nígbà tí ọmọ Ọ̀yọ́ bá wà lórí gàárì tí wọ́n ń lu ìlù fún un, ẹrú Haúsá kan ti jí ní ìdájí, ó ti gbá ilé ẹṣin, ó ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè níkọ̀ọ̀kan. Kò sí onílù tó mọ orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe ohun ìṣògo. Ẹrú ni wọ́n, a kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ wá. Ní 1817, nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, kọ̀yìn sí Aláàfin, ó kéde pé kí ẹrú tó bá fẹ́ òmìnira wá bá òun. Wọ́n wọ́ lọ sí Ìlọrin láti ọ̀dọ̀ olówó wọn gbogbo. Ìmọ̀ ẹṣin tí ó wà lọ́wọ́ wọn bá wọn lọ. Kò pẹ́ kò jìnnà, Ìlọrin di ilé ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì pa Àfọ̀njá fúnra rẹ̀. Ọ̀yọ́ mọ bí a ti ń gun ẹṣin, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ kò ka ẹni tí ń gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sókè sí ènìyàn. Bí ẹni náà ti lọ, agbára lọ.

ÒJÒ ÀTI IGBÓ

Ẹṣin ní agbára, ó sì ní ààlà. Ní 1726, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ṣígun lọ bá Dàhọ̀mì, wọ́n sì ṣẹ́gun. Wọ́n tún lọ léraléra títí di 1730, tí ọba Dàhọ̀mì fi gbà láti máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Dàhọ̀mì mọ ọgbọ́n kan. Bí Ọ̀yọ́ bá ti dé, wọn a sá wọ igbó, wọn a sì dúró de òjò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ kó ẹṣin wọn padà sílé. Oúnjẹ ẹṣin kò tó, àìsàn ń bọ̀, ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́jú ẹṣin lásìkò òjò mọ ìyókù: pátákò tó ń wà nínú omi tọ̀sán-tòru máa ń rọ̀, ó máa ń sán, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa jẹrà.

Ní nǹkan bí ọdún 1836, Ọ̀yọ́-Ilé tú. Aláàfin Àtìbà kó ìjọba wá sí Àgọ́-Ọjà, ibi tí Ọ̀yọ́ wà títí di òní. Ní 1840, ogun ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dé Òṣogbo, létí igbó. Àwọn Ìbàdàn kọlù wọ́n lóru, wọ́n sì fọ́n wọn ká. Láti ọjọ́ náà ni ogun ẹṣin kò ti lè borí ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ibi tí pátákò kò bá ti rí ilẹ̀ líle tẹ̀, ìjọba ẹlẹ́ṣin kì í kọjá ibẹ̀.

ẸṢIN NÍ KÁNÒ, ÀTI ÀWA

Ní Kánò ńkọ́? Níhìn-ín, ilẹ̀ gbẹ, iyanrìn wà, ẹṣin sì wà ní ilé rẹ̀. Àwọn oyè ìlú yìí pàápàá ń sọ ọ́. Madaki wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ẹni tó ni àwọn ẹṣin. Shamaki ni ìjòyè ààfin tí ẹṣin ọba wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ni mo fi ń wé Olókùn-ẹṣin tiwa.

Ìran Yorùbá ti wà ní Kánò kí òyìnbó tó dé. Ẹ béèrè ìtàn àdúgbò Ayagi nínú ìlú àtijọ́. Lẹ́yìn tí ojú irin dé Kánò ní 1911, tí Sabon Gari sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, àwọn baba wa bẹ̀rẹ̀ sí í kó obì wá, wọ́n sì dúró. Ẹṣin ìgbà yẹn kò lọ sógun mọ́. Ó di ẹṣin ìyẹ́sí. Ní 1925, wọ́n fi ẹṣin pàdé ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kánò. Ní 1956, wọ́n fi pàdé Ọbabìnrin Elizabeth ní Kàdúná. Ní 1977, nígbà FESTAC, wọ́n tún ṣe é ní Kàdúná fún gbogbo ènìyàn dúdú àgbáyé. Ní Kàtsínà, Ọba Usman Nagogo, tó jọba láti 1944 sí 1981, jẹ́ akọni nínú eré pólò. Nínú gbogbo ògo wọ̀nyí, ẹnìkan ti jí ní ìdájí láti gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sókè.

ÌTÌJÚ TÈMI

Ní 1998, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa níhìn-ín jẹ oyè. A fẹ́ kí ó gun ẹṣin. Oníbàárà mi kan, Alhaji tí ń ra obì lọ́wọ́ mi, yá wa ní ẹṣin rẹ̀, ó sì mú un wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ó ní, “Koríko gbígbẹ àti omi nìkan ni kí ẹ fún un o.” Mo ní mo ti gbọ́.

Èmi ni wọ́n fi ẹṣin sí lọ́dọ̀. Ní alẹ́, mo rò ó pé àlejò wa ni, kò yẹ kí àlejò Yorùbá sùn lórí koríko gbígbẹ. Mo tú àpò ọkà bàbà kan, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti jẹ ju ìdajì àpò lọ. Inú mi dùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹṣin kọ̀, kò rìn. Ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú, ó fì sẹ́yìn bí ẹni tó dúró lórí ẹyín iná, ó ń làágùn. A ní bóyá wọ́n ṣe é ni. A ti ń wá aládùúrà. Alhaji ló mú bàbá arúgbó kan wá, Màlámù tí ń tọ́jú ẹṣin láti kékeré. Màlámù kò wo ojú ẹṣin. Ó lóṣòó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pátákò, ó ní kí n fi tèmi kàn án. Ó gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ni ẹ fún un jẹ?”

N kò lè dáhùn. Àpò ọkà wà níbẹ̀, òun ló dáhùn.

Màlámù ní kí a da omi tútù sínú kòtò, kí ẹṣin dúró sínú rẹ̀. Ó sàlàyé fún mi pé ọkà àpọ̀jù máa ń ba ikùn ẹṣin jẹ́, ìbàjẹ́ náà a sì sọ̀ kalẹ̀ sínú pátákò, a máa tú ohun tó so pátákò mọ́ egungun. Dókítà ẹran tí a pè lọ́jọ́ kejì sọ ohun kan náà. Ẹnu ló ṣẹ̀, ẹsẹ̀ ló jìyà. Ẹṣin náà kò kú, ṣùgbọ́n kò gbé ènìyàn mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bàbá wa fi ẹsẹ̀ rìn lọ jẹ oyè. Ọdún méjì ni mo fi san owó ẹṣin fún Alhaji, díẹ̀díẹ̀, nínú èrè obì. Ó gba gbogbo rẹ̀, kò dín kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ẹjọ́ sùn níbì kankan, kò sì fi ìgbà kan ra obì lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí ó fi kú.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ti ìsọ̀, mo máa ń lọ sí ilé ẹṣin Màlámù láti lọ kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

BÍ A TI Ń TỌ́JÚ PÁTÁKÒ

1. Gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè lójoojúmọ́, kí a tó gun ẹṣin àti lẹ́yìn tí a bá sọ̀ kalẹ̀. Fi irin kékeré tí orí rẹ̀ tẹ̀ kó ìgbẹ́ àti òkúta kúrò, láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Rọra níbi igun mẹ́ta yẹn.

2. Jẹ́ kí ibi tó ń sùn gbẹ. Kó ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá dúdú, tó ń rùn, jíjẹrà ló bẹ̀rẹ̀ yẹn. Fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, kí o sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kó gé ibi tó jẹrà. Má ṣe da òróró ọkọ̀ tí a ti lò sí i.

3. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí oníṣẹ́ gé pátákò, kí ó sì fi fáìlì yún un dọ́gba. Pátákò tó gùn jù a máa sán, a sì máa fa iṣan ẹsẹ̀.

4. Ti ọkà mọ́ ibi tí ẹṣin kò lè dé. Bí o bá fẹ́ yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ṣe é díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

5. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan pátákò. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ìyókù lọ, tàbí tí ẹṣin bá ń tiro, má gùn ún. Bí ìṣó bá gún un, pe dókítà ẹran kíákíá, nítorí àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì tètè ń mú ẹṣin. Abẹ́rẹ́ wà tí a fi ń dènà rẹ̀.

6. Títì ọlọ́dà kì í ṣe iyanrìn. Ìrìn ni kí ẹṣin rìn lórí rẹ̀. Má ṣe fi sáré níbẹ̀.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ọ̀yọ́ gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìlọrin gùn ún, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣogbo. Bí ẹṣin ti ń kú tí ìjọba ń yí padà, ìmọ̀ ìtọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kú. Ó wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń jí ní ìdájí. Lọ́wọ́ irú wọn ni Ọ̀yọ́ ti gbà á, lọ́wọ́ wọn ni èmi náà ti gbà á.

Lónìí à ń kó owó jọ fún ẹgbẹ́ wa. Wọn yóò pe orúkọ àwọn tó dá owó ńlá, a ó sì pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó tọ́. Ṣùgbọ́n kí a rántí ìyá tó ń san owó oṣù rẹ̀ láìjẹ gbèsè, àti ọmọkùnrin tó ń gbá ibi ìpàdé kí a tó dé. Àwọn ni pátákò ẹgbẹ́. Kí a sì rántí àwọn ará ìlú tó gbà wá sílé, tí ń ra ọjà wa, tí ń sọ fún wa ohun tí a kò mọ̀. Bí wọ́n bá sọ pé koríko àti omi nìkan, ẹ jẹ́ kí a gbọ́. Èmi kò gbọ́, ẹṣin ẹni ẹlẹ́ni ló san án.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa kọ ní ilẹ̀ àjò. Yóò jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rere padà sílé. Àmín.